Ohùn Tó Ń Gbé Ẹrù

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ ló ń tì mí sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi fi jọ gbé kí ikú tó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ. Nínú gbogbo ọdún náà, bóyá ló pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. "Ìwọ aránṣọ yìí" ló máa ń pè mí. Bọ̀ọ̀dá ni èmi ń pè é, torí bí ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni tilẹ̀ lórí kunkun, ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò ṣeé jù nù.

Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kì í pè é ní Bọ̀ọ̀dá o. Gbérasọ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó máa ń pe ẹrù. Kì í ṣe ẹrù kẹ́rù: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àpótí irin ilé ìfowópamọ́, ẹ̀rọ amúnáwá tó tóbi bíi yàrá, àwọn nǹkan tí wọ́n ń gbé lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí ọkọ̀ agbẹ́rù kò lè dé. Ọkùnrin mẹ́wàá, nígbà mìíràn mẹ́rìnlá, á yí ẹrù náà ká, wọn á ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ rẹ̀, wọn á máa retí. Gbérasọ kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Á dúró síbi tí gbogbo wọn á ti máa gbọ́ ọ, á wá la ẹnu.

Á kọ́kọ́ máa kùn bí oyin, ohùn ìsàlẹ̀ ikùn, kí ọwọ́ kálukú lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn náà á fa èémí sínú kí gbogbo wọn gbọ́, àyà mẹ́wàá á sì gbé sókè pẹ̀lú tirẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa wá gbé ohùn gan-an. Á bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, á máa gun òkè lọ bí ẹni ń gun àkàbà, ibi tí ohùn náà bá ti ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ẹrù á ti kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé e lọ, á já ohùn sí wẹ́wẹ́, "hẹ́n, hẹ́n, hẹ́n," ẹyọ kan fún ìṣísẹ̀ kan. Bí wọ́n bá débẹ̀, á jẹ́ kí ohùn máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹrù á sì balẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá tẹ́ ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi sí i. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo jókòó sí, mi ò fọwọ́ kan nǹkan, àmọ́ nígbà tí mo máa délé, ọrùn ń ro mí.

Ohun tó mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ni wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ti gbé e dé ìdajì nígbà tí ọ̀gá iṣẹ́, tó dúró nísàlẹ̀ tó ti ń wo aago láti àárọ̀, pariwo pé, "Ẹ gbé e! Ẹ gbé e jàre, kí lẹ tún ń dúró ṣe?" Àwọn kan gbé, àwọn kan ò gbé. Ẹ̀rọ náà fì, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kò-Wúwo, torí kò sí ẹrù tí wọ́n fi hàn án rí tí kò ní sọ pé kò wúwo. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó ń pe ẹrù ni kò pè é bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí Gbérasọ máa lọ. Òun náà sọ tirẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá: "Ọ̀gá ló já lu ohùn mi. Ọ̀gá ló já lu ohùn mi." Láti ọjọ́ náà kò gbé ohùn sókè mọ́. Ó gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní ọgbà àwọn onípákó, ó ń ṣí géètì, ó ń ti géètì, ó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, èébú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ. Àwọn aládùúgbò ní ó sàn kéèyàn ṣubú lu ẹ̀gún ju kó kí i káàárọ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí fún un, obìnrin. Ọmọ náà jogún ojú ìyá rẹ̀, ó jogún orí kunkun bàbá rẹ̀, ó sì ń jó. Ijó tiwọn yìí kì í ṣe èyí téèyàn ń jó torí pé inú rẹ̀ dùn. Wọn kì í wọ bàtà. Wọ́n máa ń ṣubú, wọ́n máa ń yí, wọ́n máa ń gun ara wọn lẹ́yìn, nígbà mìíràn wọn á dúró sójú kan títí ojú á fi máa ro ẹni tó ń wò wọ́n. Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn, torí náà mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Bàbá rẹ̀ kò wá wò ó rí. "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún ẹ kí o máa yí gbiri nílẹ̀?" ló bi í lọ́jọ́ kan. "Wá máa yí gbiri nílé, ilẹ̀ ibí náà fẹ́ nínù."

Obìnrin tó ni ẹgbẹ́ ijó náà fá orí rẹ̀ kodoro, n kò sì tíì rí eyín rẹ̀ títí dòní. Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ní àwọn kò ní lo orin, àwọn kò ní lo ìlù. Ohùn àwọn oníjó fúnra wọn ni ara wọn máa tẹ̀lé. "Ara ni ohùn," ló máa ń sọ. "Ó ní ẹsẹ̀, ó ní apá. Ẹ jẹ́ kó rìn kí n rí i." Àwọn oníjó wá ń mí, wọ́n ń kérora, wọ́n ń hu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìró yàrá ìgbẹ̀bí ló ń jáde nínú gbọ̀ngàn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ wọn ìbàdí wọn lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ìkùn bí oyin. Mo gbọ́ èémí tó wọlé. Mo gbọ́ ohùn tó ń gun òkè, mo sì rí i tí ọwọ́ mẹ́wàá gbé èèyàn kúrò nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé bàbá ẹ mọ̀ sí eléyìí?"

"Àǹtí, ẹ rán aṣọ yín."

Mo rán aṣọ mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ní ohùn nínú kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, mo lọ sílé wọn láti lọ gba áyọ́ọ̀nù mi tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wà ní balùwẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ìdánrawò wọn ló ń dún nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti inú yàrá jáde. Ó dúró ti fóònù náà bí ẹni tó bá ejò nílé.

"Ta ló ń pe ẹrù nínú ilé mi?"

Ọmọ náà jáde tòun ti ọṣẹ létí. "Bàbá, ẹ fún mi ní fóònù mi."

"Mo ní ta ló ń pè é?"

"Àwa ni. Ijó wa tuntun ni."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa ń sọ?"

"Olè la wá ń kó ròde báyìí."

"Olè kẹ̀?" Ọmọ náà nu ọṣẹ kúrò lójú. "Bàbá, ẹ ti jù ú nù. Odindi ọdún mẹ́jọ. Ohun téèyàn bá jù sórí ààtàn, ṣé ó tún máa ń bá ẹni tó ṣà á jà ni?"

Ọkùnrin náà rọra gbé fóònù náà sílẹ̀. Bó ṣe rọra gbé e sílẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. "Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé irin," ló sọ. "Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ èèyàn bá lọ. Òun lo kó lọ bá àwọn tó ń yí gbiri nílẹ̀, kí àwọn aláìníṣẹ́ lè máa pàtẹ́wọ́ fún yín."

"Ẹsẹ̀ Kò-Wúwo, ṣé èmi ni mo gé e?"

"Jáde nílé mi."

"Màá jáde. Ẹ jẹ́ kí n ṣan ọṣẹ ná."

Ó ṣan ọṣẹ, ó di báàgì méjì, ó sì tẹ̀ lé mi wá sí yàrá mi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti gba ìdajì rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ni mo lọ gbà, èèyàn ni mo gbé bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Gbérasọ wá sí gbọ̀ngàn náà. Ibi ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, dígí kan tó ti sán ló kún ògiri kan, òógùn àti òróró ìfọwọ́ra ló ń rùn níbẹ̀. Èmi ń so okùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Màdáámù rí i. "Bàbá, a ò gbàlejò níbí."

Kò dá a lóhùn. Àwọn oníjó ń ṣe ibi tó le jù lọ nínú ijó náà lọ́wọ́. Àwọn márùn-ún ló gbé ọmọ rẹ̀ sókè orí, ó nà gbalaja lórí ọwọ́ wọn, ó kọjú sí òrùlé. Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń pe ohùn. Ohùn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ti ń gbé ló ń ké, kì í ṣe ṣáájú kí wọ́n tó gbé, mo sì gbọ́ tí Gbérasọ ń fi ahọ́n ta ẹnu. Ó dà bíi pé ó falẹ̀ lójú Màdáámù. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá! "Ẹ yára!"

Àwọn méjì tẹ̀ lé àtẹ́wọ́. Àwọn mẹ́ta dúró de ohùn. Ọmọ náà yẹ̀, èjìká rẹ̀ kan já sínú afẹ́fẹ́, orí rẹ̀ dojú kọ pákó.

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan jáde lẹ́nu ọkùnrin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀. "Hóóóó" kan ṣoṣo ni, ó le bí irin, kò gun òkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọwọ́ tó wà nílé náà le gan-in. Èmi pàápàá, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè mì ín. Ó di ohùn náà mú síbẹ̀ títí wọ́n fi rí èjìká ọmọ náà gbà padà, lẹ́yìn náà ló wá jẹ́ kó máa rọ̀, ó ń rọ̀, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Ọmọ náà dìde, ó sì kọjú sí i. "Ta ló pè yín wá síbí?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo wá gba ohùn mi ni."

"Ẹ ti gbà á. Ẹ máa lọ."

Màdáámù ti rìn dé àárín wọn. "Bàbá, ẹ tún un ṣe."

"Mi ò tún un ṣe. Ìwọ yìí lo pàtẹ́wọ́ lórí ohùn. Apànìyàn lẹni tó bá pàtẹ́wọ́ lórí ohùn."

"Apànìyàn ni mí. Ẹ tún un ṣe."

Gbérasọ wò ó láti orí kodoro rẹ̀ dé ẹsẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti gba èébú lọ́wọ́ rẹ̀ rí kó sì dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. "Ohùn yín ń sáré tẹ̀ lé ara yín bí ajá tó ń lé kẹ̀kẹ́," ló sọ fún wọn. "Ohùn kì í bọ̀ lẹ́yìn. Ohùn ló ń lọ ṣáájú, ara á wá lọ bá a níbẹ̀. Ẹ̀yin ò gbé nǹkan kan. Ariwo lẹ ń pa, tí èèyàn sì wà lókè."

Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n má baà ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ni. Ó padà wá ní ọjọ́ kẹta, kò sọ ìdí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ wọn, n kò sì rí ẹ̀kọ́ tó ní ìkà nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ̀ kí wọ́n gbé èèyàn. Bẹ́ńṣì onígi tí wọ́n ń jókòó sí ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń sọ̀ ọ́, ìgbà ọgọ́rin lójúmọ́. Bí èémí ẹnì kan bá ṣáájú, á ní kí gbogbo wọn tún un ṣe, á sì tọ́ka sí onítọ̀hún kí àwọn yòókù lè mọ ẹni tí wọ́n máa kórìíra. Ọkùnrin gíga kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Àkàbà. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, àwa kì í ṣe aláàárù."

"Mo mọ̀," ni Gbérasọ sọ. "Aláàárù wúlò."

Síbẹ̀ nǹkan ń wọ̀ wọ́n lára. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, bó bá kùn lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn tó wà ní ìkangun gbọ̀ngàn á ti máa na ẹ̀yìn láìmọ̀. Mo rí ohùn tó gbé ọmọbìnrin kan dìde láti orí àga, mo rí èyí tó yí ojú gbogbo wọn sí fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó gbé òun. Bí bàbá rẹ̀ bá pe ohùn, á dúró kí ó kọjá díẹ̀ kó tó gbéra. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màdáámù ni wọ́n máa ń ní kó bá àwọn sọ fún ara wọn, tí kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ láàárín wọn.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ túká, Màdáámù ló fà á. Ó ní, "Bàbá, ó ku ohùn kan. Ohùn ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé já. Ọmọ yín sọ ọ́ fún mi. Òun ni mo fẹ́."

Gbérasọ yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ ò sọ ọ́ tán fún wa rí," ló wí. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Ọ̀gá já lu ohùn yín, ọ̀gá já lu ohùn yín. Lẹ́yìn tó já lù ú ńkọ́? Kí ni ohùn yín wá ṣe?"

Bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ńṣì tí ọkùnrin mẹ́rin máa ń gbé, bẹ́ńṣì náà sì ṣubú. Ó jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. "Ìwọ aránṣọ yìí, wọ́n ní Kò-Wúwo ló ń tún ẹ̀rọ ẹ ṣe. Mú mi lọ."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ, Kò-Wúwo ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lásìkò yẹn. A bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kún fún kẹ̀kẹ́ irin àti bẹ́líìtì, ó tẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Kò gbójú sókè.

"Gbérasọ," ló wí. "Ìrìn ẹ ni mo fi mọ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́jọ."

"Mi ò wá tọrọ nǹkan."

"Mi ò ní nǹkan tí màá fún ẹ."

"Mo fẹ́ mọ ohun tí o gbọ́ lọ́jọ́ náà ni."

Kò-Wúwo nu òróró kúrò lára ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo gbọ́ ẹ. Ohùn ẹ wà lókè, èmi náà wà lókè. Ọ̀gá pariwo. Ta ló ń ka ọ̀gá sí? Gbogbo ìgbà ló máa ń pariwo, gbogbo ìgbà ni ìwọ náà máa ń ké bò ó mọ́lẹ̀. Mo ń retí kí o ké bò ó mọ́lẹ̀. O dákẹ́."

Gbérasọ ń yí bẹ́líìtì kan lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tìẹ ò tiẹ̀ balẹ̀. O gbé e mì."

"Inú bí mi," ni Gbérasọ wí. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. "Ó já lu ohùn mi lójú gbogbo yín. Mo ní ó yá, kó máa pè é fúnra ẹ̀. Mo ní jẹ́ kó rí i."

"Mo mọ̀. Mo rí ojú ẹ lókè níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi lo fi kọ́ ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́."

"Kò-Wúwo. Foríjì mí."

"Rárá," ni Kò-Wúwo dáhùn, kò gbé ohùn sókè, kò sì ronú lórí rẹ̀. Ó kọjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀rọ yín ti ṣe tán. Ẹ rọra gbé e o. Ó wúwo."

Gbérasọ gbé ẹ̀rọ náà lé èjìká kí n tó débẹ̀. Òun ló gbé e délé mi, kò sinmi lọ́nà. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó. Bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́: ọ̀gá pariwo, inú bí òun, òun dákẹ́.

"Mo mọ̀," ni ọmọ náà wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá mi. Kó tó kú. Ẹ máa ń sọ ọ́ lójú oorun." Ó ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń retí kí ẹ sọ ọ́ lójú ayé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ń bú ọ̀gá, mo máa ń wo ẹnu yín."

Mo rò pé Gbérasọ á sunkún, mo rò pé á gbá ọmọ náà létí. Kò ṣe méjèèjì. Ó ní, "Wàá sọ fún obìnrin olórí kodoro yẹn pé mò ń bọ̀ lọ́la," ó sì lọ.

Ó lọ lóòótọ́. Ó sọ fún Màdáámù pé ohùn ọjọ́ náà kò sí, pé ìdákẹ́jẹ́ ni. Màdáámù ronú, ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́." Gbérasọ ní òun á fún un, ṣùgbọ́n kí ìdákẹ́jẹ́ náà tó kan ọmọ òun, òun máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa dì mú nígbà tí ohùn bá kú. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣe é. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ di ojú, kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì láìsí ẹni tó ń pè, kí kálukú máa gbọ́ imú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó bú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jó o fún àwọn èèyàn, Gbérasọ fúnra rẹ̀ ló sì pe ohùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rán ẹ̀wù tí ó yẹ kí Gbérasọ wọ̀, ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́ ló tún wọ̀ jáde, n kò sì tíì dárí ìyẹn jì í. Ó dúró ní igun. Ó kùn. Ó fa èémí, mo sì gbọ́ igba èèyàn tó bá a fà á nínú òkùnkùn. Ohùn náà gbéra láti ilẹ̀, ó ń gòkè, ọwọ́ mẹ́wàá gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì bá ohùn lọ, kò dúró kó kọjá. Ó wà lókè pátápátá nígbà tí ohùn náà kú.

Kò rọ̀, kò ṣẹ́. Ó kú ni. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó ń wò wọ́n. Mo ka èémí tèmi dé mẹ́wàá, mo kà á dé ogún. Orúnkún Àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Òógùn ń kán sórí pákó, mo ń gbọ́ ọ. "Ṣé wọ́n ti gbàgbé ni?" lẹnì kan wí lẹ́yìn mi, ìyàwó rẹ̀ sì gún un ní ìgúnpá. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo gbọ́ imú kan tó mí. Òmíràn bá a mí. Nígbà tí gbogbo wọn wá ń mí bí ẹran ọ̀sìn kan ṣoṣo, wọ́n sọ ọmọ náà kalẹ̀ fúnra wọn, wọn ò wo bàbá náà rárá.

Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, mo lọ bá wọn ní ẹ̀yìn láti kó aṣọ mi. Gbérasọ ń sọ fún Àkàbà pé èjìká ọ̀tún rẹ̀ pẹ́. Ọmọ náà ń tú báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ ju bí a ṣe sọ ọ́ lọ," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ já mi lulẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè gbé ẹ láìsí mi."

"Wọ́n gbé mi."

"Mo rí i," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì jáde lọ gba ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bá wọn ṣe é. Kó tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Màdáámù ní òun fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí àwọn lè máa gbé e lọ sí ìlú tó jìnnà láìjẹ́ pé ó bá àwọn lọ. Gbérasọ ní kó ra ọmọláńgidi mọ́ ọn, kó lè rí nǹkan tí ẹ̀rọ náà máa gbé. Wọ́n tahùn síra wọn fún bíi wákàtí kan, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó wà ní ọgbà onípákó títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ó ti ń pe pákó fún àwọn tó ń já a lórí ọkọ̀, pé ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn ní òdìkejì ọ̀nà ti fẹjọ́ sùn nítorí ariwo. Kò-Wúwo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ mi pé kò gbọdọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi.

Ọmọ náà ti rí yàrá tirẹ̀ gbà. Òun ló ń pe ohùn nínú ijó náà báyìí. Kò lọ sílé bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò lọ sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan á ní òun wá wo ìyá òun kékeré, èkejì kì í tiẹ̀ wá àwáwí. Ìjà ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ibi tó yẹ kéèyàn ti fa èémí ni. Ọmọ náà ní òun ti rí ibi tó dára ju ti bàbá òun lọ, bàbá ní kó dìde dúró kó fi han òun, ó dìde, wọ́n sì ń ké mọ́ ara wọn lórí aṣọ tí mo gé sílẹ̀. Oníbàárà mi kan wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan. Ó bi mí bóyá ká lọ pe àwọn ọkùnrin wá là wọ́n. Mo ní kó na apá rẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n.